Àbúrò Tí Ìwé Sọ Di Ẹ̀gbọ́n

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ìyá mi lè pọn mí sẹ́yìn kó tún gbé ìkejì mi mọ́ ẹ̀gbẹ́, ohun kan ti dá mi lójú láyé yìí: èmi ni ẹ̀gbọ́n. Inísà ni wọ́n bí wa sí, èmi àti Táyé. Òun ló kọ́kọ́ jáde, èmi Kẹ́yìndé sì tẹ̀lé e, síbẹ̀ èmi ni ẹ̀gbọ́n, kò sì sẹ́ni tó bá mi du ipò náà nínú agboolé wa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí ìwé yín pọ̀ ju ti bàbá yín lọ, ẹ lè máa rò ó pé báwo ni ẹni tó kẹ́yìn ṣe wá di àgbà. Kò le rárá. Àgbà kì í kọ́kọ́ yọjú síbi tí kò mọ̀. Èmi ni mo rán Táyé ṣáájú pé kó lọ bá mi tọ́ ayé wò, kó ké sí mi bó bá dùn. Ó ké, mo sì jáde. Ọmọkẹ́yìndé gbẹ̀gbọ́n, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n.

Mo sì jẹ ipò ẹ̀gbọ́n náà dáadáa. Bí wọ́n bá gbé ẹran wá, èmi ni mo ń kọ́kọ́ mú. Bí omi bá tán nínú ìkòkò, Táyé ni mo ń rán, á máa kùn lọ, á máa kùn bọ̀. Ojú wa jọra tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá tó bí wa lọ́mọ máa ń na èmi fún ohun tí Táyé ṣe. Ìyá wa nìkan ni kì í ṣì wá mú. Gààrí ló ń dín, ó sì máa ń gbé e lọ sọ́jà Òkukù, àwa méjèèjì á jókòó sórí àpò gààrí nínú mọ́tò, a ó máa ka igi ẹ̀bá ọ̀nà títí oorun á fi gbé wa lọ. Nígbà yẹn, ẹsẹ̀ Táyé yá ju tèmi lọ. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìyẹn. Bí a bá jọ sáré láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò, òun ló ń kọ́kọ́ dé.

Ọ̀pá ni Táyé fi ń rìn lónìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló sì fà á, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó di bírò mú. Mi ò ní purọ́ fún yín pé mo ti dárí jì í. Mo gbọ́ ìwàásù nípa ìdáríjì lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, mo sì ṣe àmín bí gbogbo ènìyàn ti ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kò sí nínú àmín yẹn. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Díẹ̀ ni mo rántí fúnra mi, ìyá mi ló sì sọ ìyókù, ó sọ ọ́ títí mo fi mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi. A ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbé oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ wá sí Inísà, èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Abẹ́ igi ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ní kí ìyá ọlọ́mọ máa bọ̀. Ọkùnrin kan ló ń kọ orúkọ, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi bírò méjì há àpò àyà bíi pé ọ̀kan kò tó o kọ. Ó bi ìyá mi pé èwo ló kọ́kọ́ bí nínú wa. Ìyá mi ní Táyé ni, nítorí òótọ́ ni. Akọ̀wé kọ nǹkan sílẹ̀. Ìyá mi kò mọ̀wé, kò mọ ohun tó kọ. Wọ́n kán oògùn sí wa lẹ́nu, ó korò, mo tutọ́, wọ́n sì tún tèmi kán.

Ṣùgbọ́n oògùn náà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí bàbá yín fi amọ̀ kọ́lé mọ̀ pé ẹ kì í mọ ìpele kan kí ẹ sọ pé ilé ti parí. Ẹ gbọ́dọ̀ padà wá mọ òmíràn lé e. Wọ́n ní kí a padà wá gba èkejì, àmọ́ wọn kò ní wá sí Inísà mọ́. Ìkìrun ni kí oníkálukú wá, ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀, ní òwúrọ̀. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá pẹ́, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ní oko láti lọ, tó ní gààrí láti dín, ìyẹn kò kàn wọ́n.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ara Táyé gbóná. Ìyá mi fi í sílẹ̀ fún ìyá àgbà, ó pọn èmi nìkan lọ sí Ìkìrun. Akọ̀wé oníbírò méjì yẹn náà ló wà nídìí tábìlì. Ìyá mi sọ fún un pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n ni mo gbé wá. Ara àbúrò ẹ̀ ò yá, màá gbé òun náà wá tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Kò béèrè orúkọ mi. Ó wo inú ìwé rẹ̀, ó wá ibi tó kọ ẹ̀gbọ́n sí, ó fàlà síbẹ̀. Wọ́n kán tèmi, a sì wọ mọ́tò padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá mi pọn Táyé lọ. Akọ̀wé ṣí ìwé, ó ní ọmọ yìí ti gbà á. Ìyá mi rò pé ó ń ṣàwàdà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá, Kẹ́yìndé ló gbà á. Akọ̀wé ní ẹ̀gbọ́n ló gbà á, ẹ̀gbọ́n sì ni Táyé, òun ni wọ́n kọ́kọ́ bí, ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ ní Inísà.

"Akọ̀wé, Kẹ́yìndé lẹ̀gbọ́n," ni ìyá mi wí. "Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

"Ìyá Ìbejì, ìyẹn nílé yín nìyẹn. Nínú ìwé ìjọba, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ̀gbọ́n. Ìwé sọ pé ó ti gbà á. Ẹ lọ gbé Kẹ́yìndé wá."

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí, kó má baà ṣe yín bíi pé àṣìṣe lásán ni. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni akọ̀wé náà. Wọn kò gbé e wá láti ìlú òyìnbó. Ìyá àgbà kan tó wà lórí ìlà bi í pé ọmọ ibo ni, tí kò fi mọ ẹ̀gbọ́n nínú ìbejì, ó sì dáhùn pé òun mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ará oko nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n. Ó kàn fẹ́ kí gbogbo àwọn ìyá yẹn rí i pé òun ti kúrò lẹ́gbẹ́ wọn. Ìyá mi kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Oògùn wà nínú ìgò lórí tábìlì, gbogbo wọn ló ń wò ó. Ẹ̀kán díẹ̀ péré ni. Akọ̀wé ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.

Nínú mọ́tò tó ń padà bọ̀ ni ọgbọ́n tó dé sí ìyá mi lórí. Ojú wa jọra. Bó bá sọ pé Kẹ́yìndé ni ọmọ tó wà lẹ́yìn òun, ta ni ì bá mọ̀? Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ti ní kó lọ gbé Kẹ́yìndé wá. Ìyá mi kì í purọ́, kódà fún oníbàárà gààrí, ìdí nìyẹn tí irọ́ náà kò fi tètè wá sí i lẹ́nu. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń kọ́ Táyé pé, "Bí wọ́n bá bi ọ́, kí lo máa sọ?" Táyé á dáhùn pé, "Kẹ́yìndé ni mí." Èmi á bú sẹ́kún pé wọ́n ń jí orúkọ mi. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wọ aṣọ mi fún un, ó gbé e lọ. Akọ̀wé ní oògùn ti tán, kí ìyá padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Kí oṣù tó ń bọ̀ tó dé, ibà kan mú Táyé. Nígbà tí ibà náà lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. N kò lè búra fún yín pé ẹ̀kán kejì yẹn ì bá dáàbò bò ó dájúdájú. Ó lè jẹ́ pé kẹta ló kù tí ì bá ṣe é. Ṣùgbọ́n akọ̀wé náà kò mọ̀ nígbà tó dá a padà, nítorí náà n kò ní fi àìmọ̀ mi tì í lẹ́yìn. Títí tí ìyá mi fi kú, òun ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Bó bá wà lórí ẹní àìsàn, á ní, "Ǹ bá ti pa irọ́ yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́." Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Ẹni tó ṣẹ̀ ń sùn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí àìparọ́ ji òun.

Èmi kò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo fi èédú ya orí akọ̀wé sí ògiri ilé ìdáná, pẹ̀lú bírò méjì, mo ń sọ ọ́ lókò láràárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé. Òjò á fọ̀ ọ́, màá tún un yà. Àwọn kan ní àánú ló ń sọ èèyàn di nọ́ọ̀sì. Ẹ̀san ló sọ èmi di nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ jókòó sídìí tábìlì yẹn lọ́jọ́ kan, kí ọkùnrin yẹn wá dúró níwájú mi, kí n sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un padà: ìwé sọ pé ẹ ti gbà á. Mo ń fi gbólóhùn náà dá ara mi lára yá nígbà tí ẹ̀kọ́ bá le.

Wọ́n kọ́ mi, mo yege, mo ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Níbi gbogbo tí mo ti ṣiṣẹ́, n kò jẹ́ kí wọ́n dá ìyá ọlọ́mọ padà nítorí ìwé. Àwọn ọ̀gá mi rò pé inú rere ni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí wọ́n ní kí àwọn àgbàlagbà padà wá gba abẹ́rẹ́ mìíràn lé ti tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní búsítà, wọ́n bẹ àwa tí a ti fẹ̀yìntì pé kí a wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe fẹ́ ni a ó ṣe é. A gbé tábìlì lọ sí gáréèjì Òkukù, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń dúró kí bọ́ọ̀sì kún. A gbé e lọ sọ́jà Inísà lọ́jọ́ ọjà gan-an. Ní Ìkìrun, a jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, lọ́jọ́ Jímọ̀ a lọ sí iwájú mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá sọ nù, a ó kọ òmíràn fún un, a ó bi í léèrè, a ó sì gbà á gbọ́. Táyé ni mo fi sí ìdí káàdì. Aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí ìwé bó ṣe mọ́ lórí aṣọ, ẹnu rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ máa ń gbàgbé ẹ̀rù.

Ọjọ́ kan ní Ìkìrun, lẹ́yìn ìsìn, bàbá arúgbó kan dúró níwájú mi. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀. Bírò méjì ló fi há àpò àyà.

Ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Ẹ dákun, ẹ bá mi dín wàhálà yìí kù. Ibi méjì ni wọ́n ti dá mi padà, wọ́n ní káàdì mi dà. Ó ti sọ nù."

Kò mọ̀ mí. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀ mí? Èmi mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn tí mo ti fi ọjọ́ ayé mi tọ́jú jáde wẹ́rẹ́ bí ẹni pé àná ni mo kọ́ ọ. Mo ṣí ìwé ńlá tó wà níwájú mi, n kò wo ohun kan níbẹ̀, mo ní, "Bàbá, ìwé sọ pé ẹ ti gbà á."

Ó ní òun ò tíì gbà á. Mo ní ìwé kì í purọ́, kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Ó wo àwọn tó wà lórí ìlà bóyá ẹnìkan á bá òun sọ̀rọ̀. Ó yí padà, ó ń rọra lọ sójú títì nínú oòrùn. Ṣé kí n sọ òótọ́ fún yín? Ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí lọ. Mo rí ẹ̀yìn ìyá mi nínú ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, mo sì ní kó lọ dáadáa.

Táyé bi mí pé kí ló dé tí bàbá yẹn kò dé ọ̀dọ̀ òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo sọ ẹni tó jẹ́ fún un sínú etí. Táyé ní, "Kẹ́yìndé, ìwọ lo ń bínú, èmi ni mò ń fẹsẹ̀ yìí rìn." Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó sì tẹ̀lé ọkùnrin náà.

Gbogbo ìlà ló ń wò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ń wọ́ ilẹ̀, eruku ń sọ, bàbá ń lọ, Táyé ń tẹ̀lé e. Àwọn kan fẹ́ bá a sáré pè é, ó fi ọwọ́ dá wọn dúró. Ó lé e bá lẹ́bàá títì, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, tí bàbá ń rọra rìn kí ẹsẹ̀ Táyé lè bá tirẹ̀ dọ́gba, ó wo ojú Táyé, ó wo ojú mi.

"Ìbejì ni yín," ló wí. "Èwo ni Táyé?"

"Èmi ni, bàbá," ni Táyé dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ẹ jókòó, wọ́n á fún yín lábẹ́rẹ́."

Bó ti gbọ́ ẹ̀gbọ́n yẹn ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo ẹsẹ̀ Táyé, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Inísà." Mo ń dúró. Bó bá ti bẹ̀ wá lọ́jọ́ yẹn, bóyá ìtàn mìíràn ni ǹ bá máa sọ fún yín báyìí. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ nígbà tó lanu ni pé, "Ìwé ni mo tẹ̀lé."

Mo gún un lábẹ́rẹ́. N kò gún un ju bó ti yẹ lọ, n kì í fi iṣẹ́ mi ṣeré. Táyé kọ káàdì tuntun fún un, ó kọ ọjọ́ tó máa padà wá. Bàbá fi káàdì náà sápò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bírò rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Táyé, kò lè wo ojú mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, kò wá. Àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ ní ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, ojú ló ń tì í. Mo ní rárá o. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pàdánù abẹ́rẹ́ rẹ̀ nítorí pé ọ̀nà jìn sí i, ì báà jẹ́ ojú tó ń tì í ló sọ ọ̀nà di jíjìn. A wá ilé rẹ̀ kàn. Mo di oògùn sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, mo fi nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan tẹ̀lé e, mo sì yan ẹni tó máa ṣáájú. Láti ìgbà náà, bí búsítà kan bá ti tó gbà, ilé rẹ̀ la kọ́kọ́ ń yà, káàdì rẹ̀ sì pé ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní àdúgbò rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń yìn wá pé a fẹ́ràn àgbàlagbà.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Láyé ìyá mi, ìyá ọlọ́mọ ló ń wọ mọ́tò lọ kúnlẹ̀ fún ìwé. Lónìí, kúlà oògùn ń gun ọ̀kadà wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ tún ń sọ pé kó padà wá lọ́la, ẹ ń jẹun lọ́wọ́. Ẹ máa ṣe é lọ. Ẹ kò kúnlẹ̀ rí, ẹ kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí arìnrìn-àjò kan tó ń tiro bọ̀ lọ́nà Ìkìrun, tí nọ́ọ̀sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ẹ dìde fún un, ẹ fún un lága, nítorí ó ti rìn pẹ́.

Wọ́n sọ fún mi bó ṣe máa ń rí. Táyé á fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá á béèrè látinú yàrá pé ta ni. Ó sì ti mọ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn ní Ìkìrun tó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Táyé á sì dá a lóhùn bí mo ṣe kọ́ ọ, pẹ̀lú ohùn dídùn:

"Táyé ni, bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi."